Kókó Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Pè Ní Ọtí

Màámi,

Ara mi le, ẹ fọkàn balẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló ń bá mi kọ ìwé yìí, torí ọwọ́ mi ń sinmi. Wọ́n ti fá orí mi, mo bọ́ lọ́wọ́ onídìrí.

Dókítà ti rí ohun tó ń mú mi ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ló lọ́ pọ̀ lẹ́yìn ọpọlọ mi, bí òwú tó ta kókó sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ọ̀la ni wọ́n máa yọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi pè é ní ọtí. Ojú oníbàárà ló ti gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi, tó lé mi jáde ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀. Ẹ wá sọ nínú ìwé yín pé òun náà ti ń di ògiri mú rìn báyìí. Mo rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi ní kí n má mi orí mọ́.

Dókítà ní ó lè ṣe àwọn ọmọ ìyá mi náà, kí gbogbo wọn lọ yẹ orí wò. Ẹ sọ fún àbúrò mi lónìí. Ti ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣì pa á mọ́nú ná. Ẹ jẹ́ kí oníbàárà kan kọ́kọ́ pe òun náà ní ọ̀mùtí.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ẹ kí ẹ̀gbọ́n mi dáadáa. Ẹ ní kó rọra máa rìn.