Lọ́wọ́ Ta Lo Ti Gba Èbù?

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ìyá Mọ́rẹ́nikẹ́, ìyàwó ọmọ mi, ni ó ń bá mi kọ èyí ní ìta ilé wa ní Òsì. Ẹ mọ̀ pé n kò mọ̀wé, ẹ kò sì rán mi lọ síléèwé. Nínú èdè ilé wa, "ìwọ" ni mo máa ń pè yín, ṣùgbọ́n ìyàwó yìí, ọmọ Ìlọrin, ní ọwọ́ òun kò lè kọ bẹ́ẹ̀ sí àgbàlagbà. Ó ti sọ gbogbo rẹ̀ di "ẹ". Ẹ má rò pé mo ti sọ yín di àlejò.

Ọ̀rọ̀ Mọ́rẹ́nikẹ́, ọmọ ọmọ mi, ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ kò bá a láyé. Ó ń ṣe ìwádìí iṣu ní yunifásítì: ohun tó ń mú iṣu jẹrà lẹ́yìn tí a bá ti wà á, àti bí a ṣe lè tọ́jú rẹ̀ títí òjò yóò fi padà dé. Èyí tó kọ́kọ́ fi dán an wò, lára irú iṣu tí ẹ fi sílẹ̀ fún wa ni; èmi ni mo fi ránṣẹ́ sí i. Mo bi í nígbà náà pé ṣé ọ̀rọ̀ iṣu náà gba ìwé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú mi fó níwájú àwọn tó gbà mí síṣẹ́." Ẹnu rẹ̀ mú. Ọ̀dọ̀ yín ló ti jogún rẹ̀.

Ó fẹ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo rò pé iye ìwé tó kọ ni wọ́n á wò, bí a ṣe ń wo ebè lóko ẹni. Ó ní ìyẹn nìkan kò tó. Wọ́n á wo àwọn tó ka ìwé rẹ̀, tí wọ́n mú un ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé tiwọn pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn ti rí i. Wọ́n á tún wo àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe ìwádìí. Ọ̀kan wà ní Kútọnu, ọ̀kan wà ní Gánà. Bí àáró ni wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n á ṣe ti ẹni yìí lónìí, wọ́n á ṣe ti ẹni yẹn lọ́la.

Bàbá, ẹ̀yin ni mo rí. Ṣé ẹ rántí òfin yín lórí èbù? Ẹni tó bá gba èbù iṣu lọ́wọ́ yín kò ní san kọ́bọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ ń bèèrè ni pé bí ẹnikẹ́ni bá yin iṣu náà lóko rẹ̀, kí ó sọ ọwọ́ tó ti gbà á. Ẹ̀yin náà kì í gbé tẹlòmíràn jẹ. Kí ẹni tó ń yin iṣu yín tó panu dé, ẹ ti ní, "Lọ́wọ́ Àjàyí ará Obbo-Ile ni mo ti gba èbù rẹ̀." Ó máa ń bí ìyá mi nínú. Á ní ṣé Àjàyí ló ń bá yín ro oko ni?

Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá iṣu yín dára, ẹ kì í bi wá léèrè. Ẹ ní ẹ̀rí ará ilé kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí ẹ̀yin lẹ ń bọ́ ọ. Ẹ óò fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìdòfin, ẹ óò dúró létí oko ẹni tí kò mọ̀ yín, ẹ óò bi í pé níbo ló ti rí iṣu yìí. Bí ó bá dárúkọ ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ẹni tó gbà á lọ́wọ́ yín, ọjọ́ náà ni ẹ máa ń kọrin wọlé. N kò mọ ìdí rẹ̀ nígbà náà. Mo rò pé ẹmu ni.

Àwa kò gbọ́n tó yín. Nígbà tí a gbọ́ pé dídárúkọ ló ṣe pàtàkì, a ṣe ìpàdé ìdílé lẹ́yìn ìsìn, a ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ wa tó wà nílùú ńlá pé ẹni tó bá ń kọ ìwé kò gbọdọ̀ gbàgbé Mọ́rẹ́nikẹ́. Ṣebí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ti ará ilé ẹni lẹ́yìn bí oyè bá ṣí sílẹ̀? Dàpọ̀, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń kọ́ iṣẹ́ afárá ní Kàdúná, ló gbọ́ràn jù. Ó gbé ìwádìí iṣu sínú ìwé afárá.

Mọ́rẹ́nikẹ́ pè é lórí fóònù níwájú mi. "Dàpọ̀, ṣé iṣu ló gbé afárá yín dúró ni?"

"Àǹtí, Ìyá àgbà ló ní kí n ṣe é."

"Yọ ọ́ kúrò."

Mo ní kí ó jẹ́ kó wà níbẹ̀, ta ló máa mọ̀? Ó ní òun máa mọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò rí oorun sùn lásìkò náà. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ rẹ̀ ń sọ ọ́ kiri pé àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àáró rẹ̀ nìkan ló ń dárúkọ rẹ̀, pé wọ́n kàn ń yin ara wọn ni. Bí àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò bá gbà á gbọ́, wọ́n á dá a padà.

Ó ṣí ibi tí orúkọ gbogbo àwọn tó dárúkọ rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà, ó ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Ó yọ ibi tó ti dárúkọ ara rẹ̀. Ó yọ ará Kútọnu, ó yọ ará Gánà, ó yọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ó wá ka àwọn tó kù sí mi létí: obìnrin kan ní Ùgáńdà, ọkùnrin kan ní ilẹ̀ kan tí òkun yí ká, àti àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀. Kò rí wọn rí. Wọn kò jẹ ẹ́ ní ohunkóhun. Ará ilẹ̀ àárín òkun yẹn tilẹ̀ kọ ọ́ pé inú ìwé ẹlòmíràn ni òun ti kọ́kọ́ bá iṣẹ́ Mọ́rẹ́nikẹ́ pàdé. Ti ẹni yẹn ló dùn mọ́ ọn jù. Ó dìde, ó ń kọrin káàkiri yàrá. Bàbá, omi lásán ló mu.

Àná ni ìròyìn dé pé ó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìyá rẹ̀ ń sunkún sórí ìwé yìí. Mo ti ní kí ó gbójú kúrò kí ó má ba ọ̀rọ̀ mi jẹ́. Èmi kò sunkún. Ṣé ẹ mọ̀ ná? Ṣé wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́dọ̀ yín?

Bí wọn kò bá tíì sọ ọ́, kí ẹ tó sọ fún ìyá mi, ẹ kọ́kọ́ wá Àjàyí kàn. Ẹ ní ọ̀rọ̀ iṣu rẹ̀ ti ré òkun kọjá.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ máa ń fún ní iṣu sísun àkọ́kọ́ lóko, tí kò sì tíì rí irú yín.

Ìyá Mọ́rẹ́nikẹ́, má tíì pa ìwé náà dé. Lọ́la, kí o tó sọ fún ìjọ, wọ ọkọ̀ lọ sí Obbo-Ile, kí o wá ilé àwọn ọmọ Àjàyí. Wọ́n lè máà mọ̀ wá mọ́. Sọ fún wọn pé lọ́wọ́ bàbá wọn ni a ti gba èbù.