Ibi Tó Yẹ Kí Jonas Dúró

                                        Ojúlé Kejìlélógún,
                                        Òpópónà Cottonwood,
                                        Harlan Fork, Nebraska.
                                        Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2014.

Nadine, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kó o gun àtẹ̀gùn? Ọmọ rẹ àti ọkọ rẹ̀ ńkọ́, àti ọmọ-ọmọ tó gbé ọ lọ sí Arizona, tó sọ èmi di ẹni tó ń dá jókòó? Mo gbọ́ pé oòrùn ọ̀dọ̀ yín kò mọ oṣù kọkànlá yàtọ̀ sí oṣù kẹfà. Ẹ kú ìgbádùn. Níbí, yìnyín ti bo òrùlé, Warren ọkọ mi sì ti ń bá ṣọ́bìrì jà lẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀. Ara rẹ̀ le. Ara tèmi náà le, tó bá jẹ́ ti ara. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí, Nadine, ó ń tì mí débi pé nígbà tó o pè mí lórí fóònù lánàá, mo jẹ́ kó dún títí tó fi dákẹ́. Má bínú. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fẹnu sọ ni mo ṣe ń kọ ọ́.

Ìwọ tó o bá mi jókòó ní pápá fún ọdún mẹ́ta gbáko, mo mọ̀ pé tìtorí ṣokoléètì gbígbóná àti òfófó lo ṣe ń wá, o ò mọ nǹkan kan nínú eré bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fọwọ́ gbá mú yìí. Torí náà jẹ́ kí n là á yé ọ, kí o lè mọ ohun tí mo ṣe. Iṣẹ́ tí Garrett ọmọ mi ń ṣe lórí pápá, iṣẹ́ méjì nínú ẹyọ kan ni. Ìpẹ̀kun ìlà iwájú ló ń dúró. Nígbà mìíràn á fi èjìká ti ènìyàn bí ẹni ń ti mọ́tò tó kú. Nígbà mìíràn á sáré já síwájú lọ gba bọ́ọ̀lù. Àmọ́ òfin kan wà níbẹ̀. Nínú àwọn tó tò sórí ìlà yẹn, ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun pátápátá nìkan ló lè sáré lọ gba bọ́ọ̀lù. Bí ẹlòmíì bá tún wá dúró sórí ìlà kan náà lóde rẹ̀, ó ti di ará inú nìyẹn. Kó máa ti ènìyàn, kó má wulẹ̀ ronú bọ́ọ̀lù. Nítorí náà, tí ẹni méjì tó ń ṣe iṣẹ́ yìí bá wà lápá kan náà, ẹni òde gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ kan sún sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ kan péré. Rẹfirí kan wà létí pápá tó máa ń na apá rẹ̀ sẹ́yìn láti fi sọ pé, mo ti rí ọ, o ti sún. Tí apá yẹn ò bá nà, ìwọ náà mọ̀ pé orí ìlà lo wà.

Bàbá mi tó jẹ́ kóòṣì ló kọ́ mi ní gbogbo èyí, èmi náà sì kọ́ Garrett lẹ́yìnkùlé wa. Èmi ni mo máa ń ṣe rẹfirí, pẹ̀lú ápírọ́ọ̀nù lára. Mo máa ń ní, "Wo apá mi ná! Kó o tó wo ohunkóhun, wo apá mi!" Ọmọ yẹn kì í gbàgbé. Àní lójú oorun, á wo apá.

Ó dáa. Lẹ́yìn tó o lọ ni Jonas Pruitt dé. Ọmọ olóko màlúù ni, ó ga, ọwọ́ rẹ̀ tóbi, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò pọ̀. Adípò Garrett ni wọ́n fi ṣe. Ní ọdún àkọ́kọ́, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fún un: kó máa ti ènìyàn. Garrett fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ ọ, òun náà ló mú un wá sílé wa, tó fi di pé gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń wá jẹ ọbẹ̀ ẹ̀wà aláta mi pẹ̀lú búrẹ́dì dídùn tí mo máa ń ká bí òṣùká. Á jẹun tán, á fọ abọ́ láìjẹ́ pé mo ní kó fọ̀ ọ́. Clyde bàbá rẹ̀ ń jókòó níwájú mi gan-an ní pápá. Ó mọ màlúù, kò mọ bọ́ọ̀lù. Ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú ni yóò yíjú padà: "Ìyá Garrett, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣẹlẹ̀ yẹn?" Màá ṣàlàyé, orí mi á sì máa wú.

Lọ́dún yìí, kóòṣì wọn ṣàkíyèsí pé bọ́ọ̀lù tó bá ti dé ọwọ́ Jonas kì í jábọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jù ú sí i díẹ̀díẹ̀, pàápàá tí wọ́n bá ti sún mọ́ ojú ilé àwọn alátakò, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ayò. Ọmọ tó jẹ́ pé títì ló mọ̀ tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pariwo orúkọ rẹ̀. Kóòṣì ní tó bá ń bá a lọ báyìí, ilé-ìwé máa gbé ìnáwó ẹ̀kọ́ rẹ̀ kúrò lọ́rùn bàbá rẹ̀ láti oṣù kìíní. Tí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, oko ló máa padà sí, nítorí agbára Clyde kò gbé e mọ́. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan wá láti ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ ńlá tó ń sanwó fún eléré, Garrett ló wá wò, ló bá béèrè lọ́wọ́ kóòṣì pé, "Ta ni nọ́ńbà ọgọ́rin yẹn?" Jonas ni nọ́ńbà ọgọ́rin. Láti ọjọ́ náà ni Garrett ti ń jẹun láìwojú ẹnikẹ́ni. Mo rí i. Mo ní yóò kọjá lọ.

Ní Sátidé tó ṣáájú èyí tó kọjá, ayò díẹ̀ ni wọ́n fi jù wá lọ, àkókò sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àwọn méjèèjì bọ́ sí apá ọ̀tún, Jonas lórí ìlà, Garrett lóde rẹ̀. Garrett ló yẹ kó sún sẹ́yìn. Ó wo rẹfirí. Nadine, mo rí ojú rẹ̀ tó wò ó. Apá ọkùnrin yẹn kò nà. Garrett sì dúró síbẹ̀ digbí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré, Jonas já síwájú, ó fò sókè, ó fi ọwọ́ méjèèjì já bọ́ọ̀lù náà lójú ọ̀run, ó sì ṣubú sínú ilé wọn. Gbogbo pápá mì! Clyde fò mọ́ mi. Ni áńkáṣíìfù ìyeyè tí rẹfirí fi ń sọ pé ẹnì kan rú òfin bá já sílẹ̀. Wọ́n ní kò wọlé, nọ́ńbà ọgọ́rin kò lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ gba bọ́ọ̀lù. Nọ́ńbà ọgọ́rin ni wọ́n pè nínú ẹ̀rọ, nítorí òun ló sáré. Wọn kì í pe nọ́ńbà ẹni tó sọ ọ́ di ará inú. Bí a ṣe pàdánù nìyẹn.

Háà, o ò gbọ́ èébú! Ọ̀gbẹ́ni kan tó kun ojú ní pupa lẹ́yìn wa ń pariwo, "Ẹ dá a padà sóko! Kó lọ máa ti màlúù!" Ẹlòmíì ní, "Ọwọ́ bàǹtàbanta, ọpọlọ adìyẹ!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Clyde yíjú sí mi, ojú rẹ̀ ti funfun. Ó ní, "Ìyá Garrett, ẹ gbà mí. Kí lọmọ mi ṣe?"

Mo mọ̀. Nínú gbogbo èèyàn tó jókòó síbẹ̀, bóyá èmi nìkan ni mo mọ̀. Ẹnu mi yìí ló sọ pé, "Ọmọdé ni. Ó gbàgbé ibi tó yẹ kó dúró."

Clyde ṣí fìlà rẹ̀. Ó ní, "Ẹ bá mi bẹ Garrett o. Ó ti ba iṣẹ́ ọmọ yín jẹ́." Èmi náà sì dáhùn pé kò burú, bí ẹni pé èmi ni wọ́n ṣẹ̀.

Mi ò bi Garrett ní nǹkan kan nígbà tó délé. Ní Ọjọ́ Ajé, òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé wọ́n ti wo fídíò eré náà, kóòṣì sì bi òun ìdí tí òun fi wà lórí ìlà. Ó ní òun dáhùn pé Jonas ló juwọ́ sí òun pé kí òun sún síwájú. Jonas kò jiyàn. Ni kóòṣì bá ní ẹni tí kò mọ ibi tí òun ń dúró kò ní wọ aṣọ eré ní Sátidé, ti oṣù kìíní náà, kó má fọkàn sí i. Mo ń bu ọ̀dùnkún sáwo bó ṣe ń sọ̀rọ̀, mo sì ń bù ú lọ.

Mo rò pé Jonas kò ní wá ní Ọjọ́bọ̀. Ó wá. Garrett ní orí ń fọ́ òun, ó wà lókè. Mo gbé oúnjẹ síwájú ọmọ ọlọ́mọ, ara mi ò gbà á mọ́. Mo ní, "Jonas, kí ló dé tó ò gbèjà ara ẹ lọ́dọ̀ kóòṣì?"

Ó ní, "Mà, mo rò pé ibi tó yẹ ni mo dúró sí. Mo ti fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún kóòṣì. Ṣùgbọ́n bàbá mi ní ẹ̀yin lẹ sọ pé mo gbàgbé. Wọ́n ní tó bá ti jẹ́ Ìyá Garrett ló sọ ọ́, kí n yéé bá ara mi jiyàn. Nígbà tí Garrett wá ní mo juwọ́ sí òun, mo ní bóyá mo juwọ́ tí mi ò mọ̀." Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ má bínú, mà."

Nadine! Mo rò pé mo kàn dákẹ́ lórí ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ mi ni. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni wọ́n fi di ọmọ náà lẹ́nu. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà wà lọ́jà o, èmi ni mo tún fọwọ́ ara mi wọ́ ọ.

Mo jókòó tì í. Mo ní, "Ibi tó yẹ kó o dúró lo dúró. O ò juwọ́ sí ẹnikẹ́ni. Garrett ló wà níbi tí kò yẹ. Mo rí i, mo sì purọ́ fún bàbá ẹ."

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ẹ ní mi ò ṣìnà?"

"O ò ṣìnà, ọmọ mi."

Ó mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Kò bú mi. Ì bá bú mi! Ó ní, "Ẹ ṣé, mà," ó wọ kóòtù rẹ̀, ó lọ.

Mo gòkè lọ bá Garrett. "Ṣé o rí apá rẹfirí?" Ó ní òun rí i. "O gbàgbé ohun tó túmọ̀ sí ni?" Ó ní, "Mi ò gbàgbé, Mọ́mì. Mo fẹ́ sún, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Orúkọ ẹ̀ ni gbogbo wọn ń pè." Ó bú sẹ́kún, géńdé ọkùnrin. Mo fẹ́ gbá a létí, àmọ́ ọwọ́ wo ni n ó fi gbá a? Mo ní, "Tó ò bá lọ bá kóòṣì láàárọ̀ ọ̀la, èmi á lọ." Ó lọ. Kóòṣì gba aṣọ eré lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi Jonas sí ipò rẹ̀, ó sì ní ọ̀rọ̀ oṣù kìíní ti padà sí bó ṣe wà.

Ó wá ku tèmi. Mo pe Clyde. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mi ò yọ nǹkan kan kúrò. Mo ń gbọ́ màlúù tó ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá ní, "Nígbà tí mo bi yín léèrè lọ́jọ́ yẹn, ṣé ẹ ti mọ̀ nígbà náà?"

Mo ní, "Mo ti mọ̀."

Ó ní, "Èmi sì ti bá ọmọ mi wí. Ní gbogbo ọ̀nà tí mo fi wakọ̀ délé, mo ń bá a wí lórí fóònù." Ó ní ó dàárọ̀, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Àná ni ọjọ́ tí àwọn òbí ń bá àwọn ọmọ tó ń parí ilé-ìwé rìn dé àárín pápá. O mọ̀ bí mo ṣe ń retí ọjọ́ yẹn. Warren ní ẹ̀jẹ̀ ríru òun kò ní jẹ́ kí òun wá, a sì jọ mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru. Garrett wọ kóòtù lásán, ó fi apá kọ́ mi lápá. Àwọn èèyàn tí kò mọ nǹkan kan dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún wa. Ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín àtẹ́wọ́ yẹn àti ìgbájú, èmi ò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, Jonas ti ènìyàn, ó gba bọ́ọ̀lù, ó gbé e wọlé lẹ́ẹ̀kan, kò sí áńkáṣíìfù kankan nílẹ̀. Mo ti pariwo orúkọ rẹ̀ kí n tó rántí pé kì í ṣe ẹnu mi yìí ló yẹ kó máa pè é.

Bá mi kí ọmọ rẹ àti ọkọ rẹ̀, fi ẹnu ko ọmọ-ọmọ rẹ lẹ́rẹ̀kẹ́ fún mi. Warren ní kí n kí ọ. Garrett náà kí ọ. Ó ti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Jonas, kò tíì rí èsì. Tó o bá máa dá mi lóhùn, bú mi, mo gbà. Má ṣáà kọ ọ́ sí mi pé ìyá wo ni kò ní gbèjà ọmọ rẹ̀. Mo ti sọ ìyẹn fún ara mi tó. Clyde náà bímọ.

                                        Èmi ṣì ni ọ̀rẹ́ rẹ, bí o bá ṣì ń fẹ́ mi bẹ́ẹ̀,
                                        Rhoda Stoddard