Sùlé Kò Tíì Dá Àbúrò Rẹ̀ Lóhùn

Bàbá mi ọ̀wọ́n, Àlùfáà tí ń fi ẹ̀rín ṣe wàásù,

Kí Ọlọ́run Ọba túbọ̀ tẹ́ yín sí àlùjánnà. Mo mọ̀ pé òkú kì í gba lẹ́tà, ṣùgbọ́n ẹni tí omi bá ń gbé lọ, kò sí ohun tí kì í dì mú. Orí bẹ́ǹṣì ọsibítù ní Ìgàndó ni mo jókòó sí tí mo ti ń kọ èyí, pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Kí ó má yà yín lẹ́nu. Lẹ́yìn tí ẹ lọ ni mo wọ ilé-ẹ̀kọ́ àgbà pẹ̀lú ewú lórí, èmi sì ni mónítọ̀ kíláàsì wa báyìí. Ọmọ-ọmọ mi Mọrẹ́nikẹ́, tó wà ní yunifásítì, ló ń bá mi wo iṣẹ́ àṣetiléwá mi. Á ní, "Ìyá àgbà, ẹ jẹ́ kí lẹ́tà yín dìde dúró, ó ti sùn sórí ìlà." Ẹ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀, Bàbá. Kò sí ohun mìíràn tí mo lè fi yangàn lónìí.

Sùlé ni mo tìtorí rẹ̀ ń pè yín. Rọpárọsẹ̀ ti kọlu Sùlé, àkọ́bí mi. Níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá ìrun àsárì ló ti ṣubú. Apá ọ̀tún rẹ̀ kú, ẹnu rẹ̀ sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹnu yẹn, Bàbá! Ẹnu tí ẹ fi ọdún pípẹ́ kọ́ ní wàásù! Ìyàwó rẹ̀ ń sáré oògùn kiri, èmi ń ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àìsàn nìkan kọ́ ló ń jẹ mí lọ́kàn. Òun àti Bàṣírà àbúrò rẹ̀ kì í kí ara wọn mọ́, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ikú lè bá wọn nínú ìjà náà.

Ṣé ẹ rántí abẹ́ igi máńgòrò wa ní Àgbàdo? Ẹ mọ Kùránì dunjú, ṣùgbọ́n ẹ kò mọ ìwé òyìnbó, ohun tó sì wù yín láti wàásù lé lórí ni àwọn ibi tí Bíbélì ti sọ̀rọ̀ Ànábì wa. Bàbá Sámúẹ́lì káfíńtà, tó ń ka ẹ̀kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, ló ń bá yín kà á. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Á ka díẹ̀, á dákẹ́, á sì máa wo ojú yín títí ẹ ó fi túmọ̀ rẹ̀. Ó máa ń ka ibi tí Ọlọ́run ti ṣèlérí fún Ànábì Músá pé wòlíì kan bí i tirẹ̀ yóò dìde láàrin àwọn arákùnrin wọn. Ẹ ó ní ta ni arákùnrin àwọn ọmọ Ísíákà bí kò ṣe àwọn ọmọ Ísímáílà? Ẹ ó ní Músá ní bàbá, ó ní ìyá, ó gbéyàwó, ó ṣe olórí ogun, ó kú, wọ́n sì sin ín. Kí wọ́n fi wòlíì mìíràn tó jọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ hàn yín. Ariwo á sọ. Ìgbà náà ni Bàbá Sámúẹ́lì á dìde.

"Àlùfáà, ìwé yìí kan náà ló ní kí wọ́n yan ọba láàrin àwọn arákùnrin wọn. Ṣé Lárúbáwá ni wọ́n wá lọ yàn?"

Ẹ ó rẹ́rìn-ín títí fìlà yóò fi jábọ́. "Sámúẹ́lì, o tún ti ba ọjà mi jẹ́!"

Èyí tó gbóná jù ni ti Olùtùnú tí Ànábì Ísà ní yóò dé lẹ́yìn òun. Ẹ ní ènìyàn ni, Ànábì wa sì ni, nítorí ohun tí ó bá gbọ́ nìkan ni yóò sọ, bí Jibrílù ti ń kà á sí i létí. Bàbá Sámúẹ́lì á ní Ẹ̀mí ni, nítorí ẹni tí yóò máa gbé inú ènìyàn títí láé kò lè jẹ́ ẹlẹ́ran ara. Ẹ kò parí rẹ̀ rí. Oúnjẹ ló máa ń là yín, ẹ̀yin méjèèjì á sì jọ máa jẹ mọ́ínmọ́ín nínú abọ́ kan. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é, Bàbá? Kí ló dé tí ẹ kò kọ́ wa ní ìyẹn mọ́ èyí tí ẹ kọ́ wa?

Àwọn ọmọ mi méjèèjì wà nídìí igi náà. Ìtumọ̀ tiyín ni Sùlé gbé lọ. Ohùn Bàbá Sámúẹ́lì ló wọ Bàṣírà lọ́kàn. Nígbà tó sì lọ́kọ ní Egan, ó bá ọkọ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sunkún díẹ̀, mo sì gbà. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra.

Àfi ọjọ́ Sọ́ńdè kan tí Sùlé àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kalẹ̀ sí òdìkejì ṣọ́ọ̀ṣì àbúrò rẹ̀. Òun ló ka Bíbélì, òun náà ló túmọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè dìde sọ pé Àlùfáà, ẹ dúró ná. Ó ní Olùtùnú tí wọ́n ń pariwo pè ti wá sí Mẹ́kà, ó ti jíṣẹ́, ó ti lọ. Ilẹ̀kùn ilé tó ṣófo ni wọ́n ń kàn. Bàṣírà ló ń darí ẹgbẹ́ akọrin lọ́jọ́ náà. Ó jáde sí i tòun taṣọ akọrin.

"Bọ̀dá Sùlé, èmi lẹ̀ ń sọ̀rọ̀ sí báyìí? Níwájú pásítọ̀ mi?"

Sùlé kò gbé máíkì kúrò lẹ́nu. "Ìwé yín ni mo kà. Ẹ bá ìwé yín jà."

Àwọn tó wà lójú ọ̀nà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, Bàbá, kì í ṣe irú tiyín. Láti ọjọ́ náà, ọdún Iléyà kọjá, ẹran kò dé Egan. Kérésìmesì kọjá, ìrẹsì kò dé ọ̀dọ̀ Sùlé ní Ìgàndó. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà o, orí ọmọ sì wọ́ lójú mi.

Nígbà tí Sùlé ṣubú, mo sáré lọ bá Bàṣírà. Aṣọ ló ń lọ̀, kò gbé ojú sókè.

"Mọ́mì, mò ń gbàdúrà fún un. Àmọ́ kí n wá síbẹ̀? Kó kọ́kọ́ kó ọ̀rọ̀ ẹ̀ jẹ."

Mo ní bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Ó ní kí n lọ sọ ìyẹn fún ọmọ mi ọkùnrin. Mo padà dé ìdí bẹ́ẹ̀dì, mo sọ ọ́. Ahọ́n rẹ̀ ti wúwo, ọ̀rọ̀ ń jáde wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: "Òtítọ́ ... kò ṣeé ... kó jẹ." Ọmọ yín ni lóòótọ́. Orí kunkun yín náà ló gbé, kò mà gbé ẹ̀rín yín.

Lánàá òde yìí, ó tọ́ka sí Bíbélì tó fi ń ṣe wàásù. Ojú rẹ̀ kò gba lẹ́tà mọ́. Ó ní wọ́n ń sá fún òun. Ó fi ọwọ́ òsì bẹ̀ mí pé kí n kà á, ibi Olùtùnú náà. Mo bẹ̀rẹ̀, Bàbá, bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Kí n tó dé òpin ìlà kan, mo ti gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó di ojú, omi sì ń jáde níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rántí pé ẹ̀yin kò dá ṣe wàásù yẹn rí.

Mo tún mú ọ̀nà Egan pọ̀n. Mi ò bẹ Bàṣírà mọ́. Mo ní mi ò ní kó gba ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà, mi ò sì ní kó dárí jì í. Mo ní Sùlé fẹ́ kí wọ́n ka ìwé fún òun, ìwé tí mo mọ̀ kò sì tó. Ó gbé ojú sókè.

"Ibo ló ní kẹ́ ẹ kà?"

Mo sọ ibẹ̀ fún un.

"Háà! Ibi ìjà wa gan-an! Ẹni yìí kò ní í yí padà láé." Ṣùgbọ́n ó ti ń wá bàtà rẹ̀.

Kò kí i nígbà tó dé. Ó jókòó, ó ṣí Bíbélì inú fóònù rẹ̀, ó sì ń kà á. Nígbà tó dé ibi tí a ti máa ń túmọ̀, ó dákẹ́, ó ń wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Sùlé jà, jà, jà. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ló jáde. "Gbọ́ ..."

"Ohun tó bá gbọ́ ni yóò sọ," ni Bàṣírà wí. "Mo mọ̀. Bàbá àgbà ló kọ́ àwa méjèèjì. Àmọ́ ta ló ní yóò máa gbé inú wọn títí láé? Ẹ dá mi lóhùn níbẹ̀, Bọ̀dá. Ẹ dáhùn jàre. Mi ò lọ ibì kankan." Omi ti bo ojú rẹ̀. Sùlé na ọwọ́ òsì, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì ń wá ọ̀rọ̀ náà ní ẹnu títí oorun fi gbé e lọ.

Láàárọ̀ yìí, àwọn dókítà ní àìsàn náà tún ti kọlù ú. Wọ́n ti gbé e wọ yàrá inú, wọn kò jẹ́ kí a wọlé. Bàṣírà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí bẹ́ǹṣì, ó ń pe Olùtùnú tirẹ̀ lábẹ́ ahọ́n. Èmi ń ja tẹ̀sùbáà mi. Ta ni kí n bi pé èwo nínú ẹ̀yin àti Bàbá Sámúẹ́lì ló tọ̀nà? Mi ò lágbára láti bèèrè mọ́. Ẹni tó bá lè tu ilé wa nínú ni kó yára.

Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Bí ẹ bá rí Sùlé tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ má na ọwọ́ sí i. Ẹ má bi í léèrè ilé. Mo mọ bí ẹ ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó, ẹ ṣáà lé e padà. Ẹ sọ fún un pé àbúrò rẹ̀ bi í ní ìbéèrè, ó sì jókòó síbí, ó ń retí ìdáhùn.

Èmi ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín, tó ń wo ẹnu ilẹ̀kùn.