Ògógóró Atalẹ̀ Tí Pásítọ̀ Ń Mu

Olóòtú wa, Ẹ̀gbọ́n Fadékẹ́mi, ẹ kú ètò, ẹ kú ọyẹ́ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́.

Olùkọ́ ni mí ní Ìkẹ́rẹ́. Tí ọyẹ́ bá ti dé, mo máa ń rẹ atalẹ̀, kànáfùrù àti èèrù sínú ògógóró fún ọjọ́ méje, torí àyà ọkọ mi tó máa ń dí. Ìdérí ìgò kan péré ló ń mu.

Lóṣù tó kọjá, ìyá ọkọ mi ní, "Mo mú ìgò àgbo kan nínú ulé rẹ fún Pásítọ̀, ikọ́ ń dà á láàmú." Mi ò lè sọ pé ọtí ni. Ìjọ wa kì í mutí, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ obìnrin.

Ikọ́ Pásítọ̀ lọ. Ó jẹ́rìí, ó sì ní kí n wá kọ́ gbogbo obìnrin ìjọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Sátidé.

Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n gbé lọ síbẹ̀? Ẹ tètè fèsì. Ìyàwó Pásítọ̀ ti dá ìgò òfìfo padà lánàá, ó ní ọkọ òun ń béèrè òmíràn. Mo ti rẹ ẹ́.