Ègé Aṣọ Tí Wọ́n Ti Gé Sílẹ̀

Yèyé mi, abiyamọ tòótọ́,

Kí n tó sọ ohun tó wà nínú mi, ẹ jẹ́ kí n ka àwọn ọmọ yín fún yín. Fọláṣadé, ọmọ ọmọ mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, ti bí ọmọbìnrin kan. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti gbéyàwó. Ọmọ Ìwó ni ìyàwó náà, ó sì mọ àgbà í kí.

Ẹ kò ní gbàgbọ́ pé èmi ni mo ń kọ ìwé yìí fúnra mi. Nígbà tí ẹ wà láyé, bí lẹ́tà bá dé, ọmọ aráalé la máa ń bẹ̀ kó kà á fún wa. Irun mi ti funfun kí n tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà. Olùkọ́ wa kéré sí àbíkẹ́yìn mi, ṣùgbọ́n bí mo bá ṣi àmì fi sórí ọ̀rọ̀, ó ń bá mi wí. Mo ń fi í yangàn, Yèyé.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ni mo bá wá. Fọláṣadé ní òun fẹ́ kí n rán ìbora alábùlẹ̀ fún ọmọ òun, irú èyí tí ẹ máa ń rán fún ọmọ tuntun. Ẹ ó gba ègé aṣọ lọ́wọ́ olúkúlùkù ará ilé, ẹ ó fi páálí ṣúgà wọ̀n ọ́n, ẹ ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí páálí ká, ẹ ó gé e, ẹ ó sì rán gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí ọmọ bá ti lè jókòó, ẹ ó gbé e sórí rẹ̀, ẹ ó máa fi ìka tọ́ka: èyí ni aṣọ ìgbéyàwó ìyá rẹ, èyí ni ṣòkòtò bàbá àgbà rẹ. Ọmọ tí kò rí wọn rí á ti mọ aṣọ wọn.

Ṣùgbọ́n oríkèé ìka ń ro mí. Àlùmọ́gàjí kì í pẹ́ lọ́wọ́ mi mọ́ kí ó tó bọ́. Ni Fọláṣadé bá tẹ fóònù rẹ̀, nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, wọ́n gbé ọ̀rá kékeré kan dé láti Èkó. Ègé aṣọ méjìlélógójì ló wà nínú rẹ̀, maṣíìnì ló gé gbogbo wọn. Ẹgbẹ̀rún méjìlélógún náírà! Mo pariwo.

“Màmá àgbà, ìrora ọwọ́ yín ni mo sanwó rẹ̀. Kì í ṣe aṣọ.”

Télọ̀ tó wà níwájú ilé wa ní Ìlódè rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. “Ìyá, wọ́n mà rí yín mú o! Irú èyí ni mo fi ń nu epo ara maṣíìnì. Ká ní ẹ fún mi ní ẹgbẹ̀rún méjì, ǹ bá kó àpò kan fún yín.”

Inú bí mi, nítorí òótọ́ wà níbẹ̀. Owó yẹn á ra ọ̀pá ańkárá mẹ́fà, a ó sì gé ju ìbora márùn-ún lọ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gé e?

N kò ní purọ́ fún yín. Ègé náà dára. Etí bá etí, igun bá igun. Iṣẹ́ tí ẹ máa ń fi oṣù mẹ́ta ṣe, ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi rán ìlà mẹ́fà. Mo tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, mo na ìka sí i bíi tiyín. Ègé méjìlélógójì, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Wọ́n lè ta aṣọ tuntun fún wa, Yèyé, ta ni yóò ta àkísà yín?

Mo wá ní kí ìlà keje, tí yóò wà láàárín, jẹ́ ti àwa ará ilé. Mo gé tiwa díẹ̀díẹ̀, ó wọ́. Mo tú u lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fi ọ̀kan nínú ègé olówó gọbọi yẹn gé páálí. Láti ìgbà náà ló ti ń bára mu. Ẹni tó bá bi mí báyìí, màá ní kí ó ra ọ̀rá kan péré, kí ó fi gé páálí kí ó tó rán an. Ẹ̀ẹ̀kan ni owó yẹn tọ́.

Ègé mẹ́fà ti pé nínú ìlà wa. Àárín gbùngbùn ló ṣófo. Tiyín ni, ẹ̀bi mi sì ni. Ìbora tí ẹ rán fún àkọ́bí mi, ojú tì mí láti tẹ́ ẹ níwájú àwọn ará ilé ọkọ mi, kí wọ́n má baà ní tálákà ni ìyá mi. Mo ká a sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí à ń kọ́lé, mo fún bíríkìlà kó fi bo sìmẹ́ńtì. Ẹ wá kí wa lọ́jọ́ náà. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ẹ sì bèèrè bóyá a ti jẹun. Ṣé ẹ kò rí i ni? Àbí ẹ rí i, ẹ gbé e mì?

Nígbà tí ẹ sì lọ, mo pín aṣọ yín bí a ṣe ń ṣe. Ìró aláró yín kan ṣoṣo tó kù, mo fún Ìyá Edunabon, àbúrò yín tó ń wẹ̀ yín, tó ń fi oúnjẹ sí yín lẹ́nu nígbà àìsàn. Ó tọ́ sí wọn. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé a kì í fúnni ní nǹkan kí a tún lọ gbà á padà. Fọláṣadé ní kí a ra aláró mìíràn, pé ọmọ kò ní mọ̀. Èmi á mọ̀.

Mo ti pinnu. N kò ní gba ìró náà padà. Ègé kan bí àtẹ́lẹwọ́, níbi tó ti gbó, ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ Ìyá Edunabon. Bí wọ́n bá kọ̀, màá fi aṣọ funfun dí àárín náà, màá sì sọ ohun tí mo ṣe fún ọmọ náà lọ́jọ́ tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀. Ṣé ẹ ó bá mi bẹ̀ wọ́n?

Fọláṣadé ń lọ sí Edunabon láàárọ̀ ọ̀la. A kì í rán ọmọ lọ́wọ́ òfo sí àgbà. Yálà wọ́n gé e o, tàbí wọn kò gé e, tiwọn ni ohun tí mo fi rán an: ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún náírà.

Èmi ni ọmọ yín tó pẹ́ kó tó mọ iyì yín, tó sì ń fẹ́ràn yín síbẹ̀.