Ojú Tí Wọ́n Yà fún Ẹlẹ́dàá

                                        Yàrá Kẹta, Ilé Kọkànlá,
                                        Òpópónà Ilé-Ìwé.
                                        Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ìyàwó yín ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àgbà olófòófó yẹn? Màmá wa ń kí yín, ara wọn le koko. Ara tèmi náà le, àmọ́ nǹkan kan ń rí mi lára, bí ìgbà tí èèyàn mu omi tán tó wá bá aáyán nídìí ife.

Ẹ ò gbàgbé iṣẹ́ tí ìjọ wa gbé fún mi, pé kí n ya bí Ọlọ́run ṣe dá ayé sára ògiri ẹ̀yìn pẹpẹ. Oṣù méjì ni mo fi wà lórí àkàbà. Mo ya òkùnkùn, mo ya omi, mo ya ìmọ́lẹ̀ tó ń là bọ̀. Nígbà tó kan Ádámù, n kò ya ojú Ọlọ́run rárá. Ta ló rí i rí? Ọwọ́ méjì péré ni mo yà, tí amọ̀ yí i dé ìgúnpá. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn: ọ̀rọ̀ ẹnu ló fi dá àwọn yòókù, ṣùgbọ́n ní tiwa, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ po amọ̀.

Ni alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé bá wọlé, ó wo ògiri, ó yínmú.

"Ọwọ́ Ọlọ́run ló dọ̀tí báyìí? Ojú dà?" Kí n tó fèsì, ó ti fa fọ́tò ara rẹ̀ yọ lápò. "Wo èyí yà á. Ṣebí èmi ni mo ra gbogbo ọ̀dà."

Mo rò pé àwàdà ni. Mo wo pásítọ̀ tó tẹ̀lé e wọlé. Pásítọ̀ ń wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní n ò ṣe é, mo kó búrọ́ọ̀ṣì mi, mo bá tèmi lọ.

Wọ́n bá lọ pe akunlé kan. Lánàá, ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n ṣí aṣọ lójú ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo Ẹlẹ́dàá! Awò ojú alága, irunmú alága, ẹ̀rẹ̀kẹ́ alága tó wú bíi búrẹ́dì. Wọ́n ti nu amọ̀ ọwọ́ rẹ̀ kúrò, wọ́n fi aago wúrà sí i. Pásítọ̀ ní ká kúnlẹ̀ níwájú Ẹni tó dá wa. Àwọn èèyàn sì ń kúnlẹ̀! Alága jókòó síwájú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Màmá ò kúnlẹ̀. Wọ́n fi ọ̀pá tilẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n wo ògiri, wọ́n wo alága. Ẹ sáà mọ iye ọmọ àdúgbò yìí tí wọ́n gbẹ̀bí wọn kí wọ́n tó fẹ̀yìntì.

"Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́," ni wọ́n wí, "ọwọ́ mi yìí ni wọ́n bí ẹni yẹn sí. Ẹsẹ̀ ló fi jáde, èmi ni mo gbá a nídìí kó tó ké. Ìgbà wo ló wá dá mi?"

Ẹ̀rín bú yẹ́ẹ̀. Alága gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Láàárọ̀ yìí, wọ́n ti fi aṣọ bo ògiri náà padà, pásítọ̀ sì ránṣẹ́ pé kí n wá tún un yà. N ò tíì dáhùn. Kì í ṣe alága nìkan ló ń rí mi lára. Kí Màmá tó dìde, eékún tèmi náà ti kanlẹ̀.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, kí ẹ sì fa olófòófó létí díẹ̀ fún mi.

Èmi ni àbúrò yín tí ojú ń tì,
Ọlọ́dà.