Sálúbàtà Tó Ń Dúró De Ọkọ Mi Lórí Òkè

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ọjọ́ kẹta ìsinmi ìgbéyàwó wa rèé. Omi gbígbóná ò yọ, kùrukùru ò kúrò lójú fèrèsé, ọkọ mi sì ti dé ilé ìtura yìí rí. Olùgbàlejò mọ̀, alásè mọ̀, èmi ìyàwó nìkan ni mi ò mọ̀.

Bá a ṣe wọlé ni olùgbàlejò rẹ́rìn-ín: "Ọ̀gá, ẹ káàbọ̀ o! Ẹrù tí ẹ gbàgbé nígbà yẹn rèé." Orúkọ ọkọ mi wà lára àpò náà. Sálúbàtà obìnrin ló wà nínú ẹ̀, kò sì gba ẹsẹ̀ mi.

Ọkọ mi ní, "Orúkọ ló jọra, ìyàwó mi." Ló bá mú mi lọ tààrà sí yàrá oúnjẹ, láìbéèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ sọ fún Màámi pé òkè yìí rẹwà, mo sì ń jẹun dáadáa. Ẹ má fi nǹkan kan kún un.

Ẹ̀yin lẹ fi wá mọ ara wa, ẹ ní ẹ ti wádìí ọkọ mi. Ẹ lọ bi ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin léèrè ẹni tó bá a wá síbí. Mi ò fẹ́ "fọkàn balẹ̀". Èsì ni mo fẹ́, kó tó di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, torí àárọ̀ Ẹtì la máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé ẹ̀.

Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ. Ọkọ mi ti ju sálúbàtà náà nù. Mo ti lọ mú un padà.

Àbúrò yín